Ìgbín Màmá Ìkọ̀yà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, 2024

Màmá Ìkọ̀yà ti padà dé. Ìyá ọkọ mi. Ó lọ sílé lọ kó ẹrù díẹ̀, ó sì kó gbogbo oko bọ̀ wá bá wa ní Òkìtìpupa: púpurú, epo, ewé tí yóò fi se ọbẹ̀ tí mo gbọ́dọ̀ mu bí mo fẹ́ bí mo kọ̀, àti apẹ̀rẹ̀ kan tó fi aṣọ bò. Mo ṣí aṣọ náà wò. Ìgbín ni. Ńláńlá. Òjò ọdún yìí mà bọ́ wọn o.

Mo ní, Màmá, ẹ ṣeun, ọ̀la la máa sè wọ́n. Ó gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní kì í ṣe ti òní, kì í ṣe ti ọ̀la, kí n fi wọ́n sílẹ̀, ọjọ́ wọn ń bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó kó wọn sínú garawa nílé ìdáná, ó fi ọmọrí dé e, ó gbé òkúta lé e.

Mo padà sí yàrá, mo gbé Jésùtómi mọ́ra. Ọmọ mi àkọ́bí, obìnrin, ìwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni. Ta ni kò mọ ohun tí wọ́n ń fi omi ìgbín ṣe nílẹ̀ yìí? Bí wọ́n bá dá abẹ́ fún ọmọ, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o, omi ìgbín ni wọ́n ń kán sí ojú ọgbẹ́ kó lè tutù.

Bóyá mo ń ronú jù.

Ọjọ́rú, 4

Òjò láti àárọ̀. Ọmọ sùn. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, orí tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ ìwádìí mi kò tíì parí.

Dókítà Benedict tó ń bójú tó iṣẹ́ náà ní yunifásítì — Ọ̀gá Kí-ló-dé ni mo ń pè é níbí, torí kò mọ ohun míì tó lè fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí àṣà tó ń pa obìnrin lára kò tíì kú? Ohun tó bá ń ṣe ìran lọ́ṣẹ́, ó yẹ kí ìran náà ti já a jù nù láti ayébáyé. Ta wá ló ń bomi rin ín?

Ìgbéyàwó ni, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́ ọkùnrin ń wá ẹ̀rí pé ọmọ tí òun ń bọ́, tòun ni. Ẹbí ọmọbìnrin wá ń fi abẹ wá ìdánilójú fún un. Ẹbí tí kò bá ṣe é, ọmọ wọn lè má rọ́kọ fẹ́. Kò sẹ́ni tó lè dá nìkan jáde, àfi kí gbogbo ìlú jáde pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń pani ṣe ń dàgbà, tó ń bí ọmọ, tó ń bí ọmọ-ọmọ.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Mo bi àwọn obìnrin Ìkọ̀yà àti ti Àjàgbà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá, láìsí ẹlòmíràn níbẹ̀: ṣé ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ ẹ? Ọ̀pọ̀ ní àwọn ò fẹ́. Kí ló wá dé tí ẹ ń ṣe é? Ìyàwó ní ìyá ọkọ òun ni. Ìyá ọkọ ní àwọn àna òun ni. Àwọn àna ní torí ọkọ ni. Ọkọ ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni, òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Olúkúlùkù ń bẹ̀rù ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀. Mo kọ gbólóhùn yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi dùn sí ara mi.

Mi ò bi Màmá. Mi ò bi ìyá mi náà. Ta ló ń la ẹnu bi ìyá ẹni ní irú ìyẹn?

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Ìgbín kan ti ọmọrí, ó yọ orí síta. Màmá rọra tì í padà, ó ní, ọ̀rẹ́ mi, ó kù díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7

Àlejò wá. Ìyá Gbádégẹṣin, láti Ìkọ̀yà.

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Abẹ́ dídá fún ọmọ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ, ìyá ìyá rẹ̀ ló kọ́ ìyẹn náà. Mo ti jókòó sílé rẹ̀ rí, ó fún mi ní ọsàn jẹ, ó dáhùn gbogbo ìbéèrè mi. Arúgbó tí ara rẹ̀ yọ̀ mọ́ni ni, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ó gbé ọmọ mi, ó súre fún un. Ó ní obìnrin ni, àbí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó wo Màmá. Màmá ní kí wọ́n jọ jáde sẹ́yìnkùlé. Mo dúró ti fèrèsé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, ohùn wọn wálẹ̀ jù, àwọn adìyẹ ilé kejì sì ń pariwo. Mo rí i tí Màmá gbé ọwọ́ lé e léjìká, tó sì sìn ín títí dé ẹsẹ̀ títì. Wọ́n ṣe bí ẹni tó ti parí ọ̀rọ̀.

Màmá wọlé, ó fọ ọwọ́, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Mi ò bi í. Kí ni kí n sọ? Ìyàwó tó bá fẹ̀sùn kan ìyá ọkọ rẹ̀ láìrí nǹkan kan gbá mú, ibo ló fẹ́ fi ojú sí lẹ́yìn náà?

Ìfura loògùn àgbà. Láti òní lọ, ọmọ yìí kò ní kúrò lójú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Màmá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú aṣọ funfun rẹ̀. Èmi kò tíì lè lọ. Nínú ìjọ wa, ìyá ọmọ tuntun kì í wọ ilé Ọlọ́run títí di ọjọ́ ìdúpẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó dé, ó wẹ ọmọ. Ó ń fi èdè Ìkálẹ̀ tiwa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń pè é ní Àrìnkẹ́. Kò sí Àrìnkẹ́ nínú orúkọ tí wọ́n kà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo bi í pé ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ni.

Ó wá bi mí, kò wò mí lójú, omi ló ń wò: àwọn ará Àjàgbà kò tíì sọ nǹkan kan?

Àjàgbà ni ilé tèmi. Mo ní, nípa kí ni, Màmá?

Ó ní, nípa ọmọ.

Mo ní wọn kò sọ nǹkan kan. Ó ní ó dáa. Ó da omi gbígbóná sí i, ó sì tún bi mí pé ṣé ó dá mi lójú.

Ó ń wá ẹni tó máa fọwọ́ sí i. Kí ni ìbá tún jẹ́?

Ọjọ́ Ajé, 9

Mo sọ fún Kò-burú. Olúyọmí ni orúkọ tí wọ́n sọ ọkọ mi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ sí gbogbo ìṣòro ayé kò ju ọ̀kan náà lọ.

Mo sọ ti ìgbín, mo sọ ti Ìyá Gbádégẹṣin, mo sọ ti ìbéèrè lórí omi ìwẹ̀. Ó ní Màmá òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kó bi í. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun, kí òun lọ bi ìyá òun léèrè ọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin? Ó ní kí n bi í fúnra mi, obìnrin ni èmi àti Màmá. Mo ní ìyá tìẹ ni. Ó ní kò burú, ọkàn ọlọ́mọ tuntun ló ń ṣe mí.

Ó kó epo lọ sí Ọ̀rẹ̀. Ó máa tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó dé. Inú ń bí mi débi pé mi ò lè sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 12

Ọ̀gá Kí-ló-dé pè. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni mo máa wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi níwájú àwọn olùkọ́, àlejò ń bọ̀ láti yunifásítì míì, kò ṣeé sún síwájú. Mo ní mo bímọ, sà. Ó ní òun mọ̀, ẹ kú ewu ọmọ, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó lè bá mi gbé e fún àárọ̀ kan?

Màmá ti gbọ́ kí n tó gbé fóònù kalẹ̀. Inú rẹ̀ dùn jù. Ó ní kí n máa lọ, ọmọ òun, kí n lọ gba ìwé mi, òun àti Àrìnkẹ́ ló nilé.



Ọjọ́ Ẹtì, 13

Mo gbé ọmọ dání wọ ilé ìwẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ wẹ̀. Màmá rí mi, ó mi orí.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Ó ti hàn.

Mo ń bọ̀ láti yàrá, ó wà nílé ìdáná pẹ̀lú fóònù, ó kẹ̀yìn sí mi. Ohun tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ: Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìgbín wà nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó gbọ́ o.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọmọrí garawa bí ẹni tó ń pẹ̀tù sí ọmọ.

Mo padà sẹ́yìn lórí ìka ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé mo ń ronú jù.

Ọjọ́ Ajé, 16. Àjàgbà

Mo sá.

Màmá lọ sí ìpàdé àdúrà. Bó ṣe jáde ni mo kó aṣọ ọmọ, kọ̀ǹpútà, ìwé. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó rántí garawa. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo gbé òkúta kúrò, mo da gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi kó wọn wá, mo fi aṣọ bò ó. Kó máa wá ohun tí yóò kán sí ojú ọgbẹ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo fẹ́ dà wọ́n sínú igbó lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ta ló ń da ìgbín nù nílẹ̀ yìí, lójú èrò? Nínú takisí, obìnrin tó jókòó tì mí ti ń bi mí pé èló ni mo fẹ́ tà wọ́n. Mo ní wọn kì í ṣe títà. Bẹ́ẹ̀ ni mo kó wọn dé ọ̀dọ̀ ìyá mi.

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Màmá lórí fóònù pé mo lọ kí ìyá mi. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá mi ń sá gbágùúdá. Ó dìde. Ó wo ọmọ, ó wo àpò, ó wo ojú mi. Ó ní ṣé kò sí nǹkan? Mo ní kò sí, Ìyá, mo kàn fẹ́ sinmi ni. Ó ní ìyá ọmọ tuntun, kí ọjọ́ ìdúpẹ́ tó pé, ó wá sinmi? Ó ní apẹ̀rẹ̀ wo nìyí? Mo ní ìgbín Màmá Ìkọ̀yà ni.

Ó ṣí aṣọ náà. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó wá yíjú sí ọmọ, ó wo òun náà pẹ́. Ó bi mí jẹ́jẹ́ pé ṣé ohun tí òun ń rò náà ni. Mo kàn mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, ó yé mi. Má wulẹ̀ sọ ọ́.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Kò sẹ́ni tó dà bí ìyá ẹni. Wọ́n ṣe é fún èmi náà ní kékeré, ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ìwádìí yìí fún un, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní ká ní ẹnì kan bi òun léèrè nígbà náà ni, òun kì bá tí gbà. Mo ti dé ibi ààbò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Mo sùn bí òkú. Ìyá mi ló pọn ọmọ.

Ó bi mí pé Olúyọmí ńkọ́. Mo ní ó wà ní Ọ̀rẹ̀. Ṣé ó ti pè? Mo ní kò tíì pè. Ó pòṣé. Màmá Ìkọ̀yà ńkọ́, ṣé ó pè? Mo ní ó pè, mi ò gbé e. Ó ní kí n má gbé e, kí n fi sílẹ̀ fún òun.

Ó jáde lẹ́yìn oúnjẹ, ó ní òun fẹ́ rí ẹnì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má bẹ̀rù, ilé mi kò ní tú lójú ayé òun.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló ní ilé mi fẹ́ tú? Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, 18

Ní gáréèjì Òkìtìpupa, mo ń dúró kí ọkọ̀ Àjàgbà kún.

Ó lọ dáadáa. Ó lọ ju bí mo ṣe rò lọ. Mo dúró níwájú wọn, ọmú ń kán mọ́ mi láya, mo sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tú lókùn. Nígbà tí mo dé ibi olúkúlùkù ń bẹ̀rù ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀, àlejò náà kọ ọ́ sílẹ̀, mo rí i.

Ọ̀gá bi mí, nígbà tí ìbéèrè kàn án: kí ló dé tí wọn kì í kàn bi ara wọn léèrè? Mo ní ọ̀wọ̀ ni, sà. Ọ̀wọ̀ ló pa wá lẹ́nu mọ́. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo fún ọmú sínú ìgò kí n tó kúrò láàárọ̀. Jésùtómi ń sùn lẹ́yìn ìyá mi. Ìyá mi kò wò mí dáadáa nígbà tí mo ń lọ, ó kàn ní kí n má ṣe kánjú bọ̀.

Fóònù ti dún lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo wà nínú yàrá yẹn. Ìyá mi ni, mo pè é padà báyìí. Ó ní kí n rọra máa bọ̀. Ó ní nǹkan náà ti parí, kí ọkàn mi balẹ̀.

Mo ní, nǹkan wo, Ìyá?

Ó ti pa fóònù. Kí ló parí? Ọkọ̀ yìí kò kún. Kí ló parí?

Ọjọ́bọ̀, 19. Ọsibítù

Ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Karawun ìgbín wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo dé, wọ́n ti fọ́ ọ nídìí. Ọmọ mi kò sunkún mọ́. Ìyá mi ní òun ti bá mi ṣe é, kí n padà sílé ọkọ mi, kò sẹ́ni tó tún máa lé mi jáde.

Mo pariwo lé ìyá mi lórí. Mi ò pariwo lé e lórí rí láyé mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ara rẹ̀ gbóná. Ó di ìka mi mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21

Ẹ̀jẹ̀ ti dá. Dókítà ní ó máa yè é, bí ibà yìí bá lọ. Ó ní ti ọgbẹ́ náà, òun kò lè dá a padà sí bó ṣe wà. Mo ní mo mọ̀. Mo ti kọ orí odidi kan nípa rẹ̀.

Màmá Ìkọ̀yà wọlé láàárọ̀ yìí. Kò-burú ti dé láti Ọ̀rẹ̀, òun ló lọ sọ fún un. Ìyá mi wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, kò tíì padà sílé, èmi kò sì tíì bá a sọ̀rọ̀. Màmá kọjá lára rẹ̀, ó wá síbi ibùsùn, ó wo ọmọ. Ó pè é ní Àrìnkẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ funfun.

Ó ní òun bí Àrìnkẹ́ kan kí òun tó bí Olúyọmí. Àkọ́bí òun. Òun gbé e fún wọn nítorí ìyá ọkọ òun, ẹ̀jẹ̀ kò dá, ilẹ̀ kò tíì ṣú tó fi kú. Òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà, Olúyọmí pàápàá kò mọ̀. Òun búra pé kò ní sí ìkejì. Òun lé Ìyá Gbádégẹṣin jáde, òun ní kó má tún fi ẹsẹ̀ kan ilé ọmọ òun. Ṣùgbọ́n àwọn ará Àjàgbà ni ẹ̀rù wọn ń ba òun. Ojoojúmọ́ ni òun ń rò ó pé bí wọ́n bá wá béèrè, kí ni òun máa sọ tí wọn kò fi ní sọ pé òun kò náání ọmọ wọn.

Màmá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi? Mi ò bi í. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bi í?

Ìyá mi ti dìde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun náà kò fẹ́ ẹ. Ọlọ́run gbọ́, òun kò fẹ́ ẹ rí. Ó wo Màmá, ó ní, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ lé ọmọ mi wá sílé pẹ̀lú àpò lórí, tí ẹ sì kó ìgbín lé e lọ́wọ́, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Wọn kì í pa àrokò tó yé ni ju ìyẹn lọ.

Màmá ní, ìgbín wo?

Ó ní òun wá ìgbín òun títí, òun rò pé wọ́n jí i. Ó ní fún ìdúpẹ́ ìyàwó òun ni. Òun ti pe àwọn obìnrin ìjọ, wọ́n fẹ́ se àsè fún un, kó má mọ̀ títí yóò fi bọ́ sí àárín wọn.

Ìyá mi ní, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí mi?

Màmá ní òun kò fi nǹkan kan rán ẹnikẹ́ni.

Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì yíjú sí mi, wọ́n ń dúró kí n sọ ẹni tó kó ìgbín náà wá.